Àṣàkẹ́ Ń Jó Níwájú Ilé Tí Wọn Yóò Wó Lọ́la

Igi eléso tí ẹ ń pè ní kákì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé baba rẹ, ti so. Ó so débi pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀, èso rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná, ọ̀kan lórí èkejì, èkejì lórí ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọ̀kan kan ẹnu. Àwọn ẹyẹ nìkan ló ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè ka òfin fún ẹyẹ.

Àṣàkẹ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbòmú bo ẹnu mi, tí o kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Harúe ni baba rẹ pè ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ. Àṣàkẹ́ ni ìyá mi pè ọ́ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i ní Ọ̀fà, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti pè ọ́ ní nǹkan mìíràn mọ́. O dúró níwájú ilé tí wọ́n bí ọ sí, létí òkun Jàpáànù. O wọ aṣọ funfun tí wọ́n fún wa ní ẹnubodè, èyí tó bo ènìyàn láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. O mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, o ń gbálẹ̀.

Lọ́la ni katakata yóò wá wó ilé náà. Òní ni o ń gbá iwájú rẹ̀. O gbá ewé, o gbá òkúta wẹ́wẹ́, o gbá koríko gbígbẹ tí a jọ fi dòjé gé láàárọ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ pé kí ni o tún ń tọ́jú lára ilé tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n mo mọ èsì tí màá gbà. Ìwọ ni ọmọ ilé. Ọmọ ilé kì í fi ilé sílẹ̀ ní ìdọ̀tí.

Ọdún kẹtàlá rèé tí ìlú yín ti dákẹ́. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ mì, òkun sì tẹ̀lé e, ó gun orí ilẹ̀ wá bí ẹni tó ní ibẹ̀. Lẹ́yìn òkun ni ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà létí omi bú, tí oró tí ojú kò rí bà lé oko, tó bà lé òrùlé, tó bà lé kànga. Kò rùn. Kò ta ènìyàn lára. Ohun tó mú un burú gan-an nìyẹn, nítorí ewu tó bá ń rùn, imú á ti kìlọ̀ fún ẹsẹ̀.

Gbọ́ bí ibí yìí ṣe dákẹ́. Kò sí ajá. Kò sí ọmọ tó ń sunkún, kò sí ìyá tó ń bá a wí. Afẹ́fẹ́ ń wọ abẹ́ òrùlé, ó ń jáde, ó tún ń wọlé. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn ń ka oró tó wà nínú afẹ́fẹ́, tì, tì, tì, láìsinmi. Ó ti di pé mi ò gbọ́ ọ mọ́, à fi ìgbà tí mo bá wo ẹsẹ̀ rẹ.

Lẹ́yìn ògiri ọgbà ni àwọn àpò dúdú wà. Wọ́n ti ha ojú ilẹ̀ gbogbo oko tó yí yín ká, wọ́n sì dì í sínú àpò, wọ́n to àpò lé àpò bí ìgbà tí ènìyàn bá to ẹ̀lùbọ́ sínú àká, ó ga ju orí mi lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n dì sápò. Ilẹ̀ tí baba rẹ gbin ìrẹsì sí, ilẹ̀ tí o fi ń ṣeré nígbà tí o kéré, ni wọ́n so lẹ́nu tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí lára. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ká ilẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Màmá Tómi ló rán wa wá. Ìyá rẹ ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ń bá wa gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́ta wa níbi tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ òkun. Bàbá Séíjì, ọkọ rẹ̀, ni omi gbé lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́ àwọn yóò tún máa wá a. Ilẹ̀ mọ́, àṣẹ sì dé pé kí gbogbo ìlú sá nítorí oró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ tí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ. Màmá kò tíì dárí ji ara rẹ̀ fún ọkọ̀ tó wọ̀ yẹn.

Ohun tí Màmá gbà gbọ́ kò ṣòro. Ó ní ọkọ òun ti fi ẹsẹ̀ rìn láti inú òkun padà wálé. Ó ní ó jókòó sínú ilé, ó ń retí ìyàwó rẹ̀, kò sì mọ̀ pé gbogbo ìlú ti kó lọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un. Bí wọ́n bá wó ilé mọ́ ọn lórí lọ́la, ibo ni yóò jókòó sí? Ta ni yóò mú un mọ ọ̀nà? Mi ò rí ohun tí mo lè fi já a nírọ́, nítorí nílé tiwa náà, ta ló jẹ́ kó kúrò láìdágbére fún òkú ilé?

Nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún ni ìlú yín máa ń jó ijó tí wọ́n fi ń pe àwọn òkú wálé. Ogójì ọdún ni Màmá fi ṣíwájú ìlà àwọn tó ń jó o. Ìwọ ni kí o jó o lónìí, kí baba rẹ gbọ́, kí ó dìde, kí ó tẹ̀lé wa. Èmi ni kí n ya àwòrán rẹ̀. Wọn yóò gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá nínú àpótí kékeré tí Màmá ń tan àbẹ́là síwájú rẹ̀ fún òkú láàárọ̀, kí Bàbá lè máa rí i pé a lọ pè é, pé a kò tún fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí o ti dárí rẹ̀ jì mí.

Ọ̀dọ̀ Alàgbà Ṣíyànbọ́lá ni mo ti kọ́ṣẹ́ fótò, ní ọ̀nà Ìjàgbó, ní Ọ̀fà. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi ní tí kò ní àforíjì: má gé ẹsẹ̀ ẹni tó wà láàyè. O lè gé igi, o lè gé ògiri, o lè gé àbúrò ìyàwó tó kàn ń ya ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọlé. Ó ní ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn jáde nínú àwòrán wá bá àwọn ará ilé rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, níbi tí o dúró sí yìí gan-an, mo gé ẹsẹ̀ rẹ.

Ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń wé bàtà wa ni kò dára lójú mi. Ó rí jákujàku, ó ń ba ijó jẹ́, mo sì sọ fún ara mi pé ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ tó. Àṣejù oge ni. Mo yà ọ́ láti orúnkún lọ sókè, ó rẹwà, mo gbé e lọ fún Màmá bí ẹni gbé ẹran ọdún lọ fún àna. Màmá gbà á. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i padà.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo fà mí sí ilé ìdáná láti sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiyín, òkú kì í ní ẹsẹ̀. Bí ayàwòrán bá fẹ́ ya iwin, yóò ya orí, yóò ya irun, yóò ya ọwọ́, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ á di èéfín. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ti da ojú àwòrán náà délẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “o ti kó ọmọ mi mọ́ àwọn òkú. Báwo ni òkú ṣe ń lọ pe òkú?”

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi náà kò lè jẹun. Obìnrin tí kò dé Ọ̀fà rí ló fi òfin Ọ̀fà bá mi wí. Ọdún kan gbáko ni a fi tọrọ àyè láti tún wọ ìlú yìí, òní ni wọ́n sì fún wa, òní tí ó kẹ́yìn.

O ti gbálẹ̀ tán. O fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, o sì wo Ògbẹ́ni Kúdó tó fi ọkọ̀ gbé wa wá, tó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Òun náà jẹ́ ọmọ ìlú yìí kí ó tó di pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lé ọmọ ìlú jáde níbẹ̀ ní aago méjì. Ó ti ka òfin fún wa. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀. A kò gbọdọ̀ jókòó. A kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. A kò gbọdọ̀ bọ́ ohunkóhun tí wọ́n fi wé wa.

O fa ẹnu aṣọ rẹ sísàlẹ̀ díẹ̀, o ti ọwọ́ bọ àyà, o sì mú ohun funfun kan jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ijó ni, èyí tó pín sí méjì níbi àtàǹpàkò bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ yín, tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́. O tú ọ̀rá. O bọ́ bàtà. Ògbẹ́ni Kúdó rí ọ. Ó kọjú sí òkun bí ẹni pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ lórí omi. Mi ò rí ọkọ̀ kankan lórí omi.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Mi ò ní fi bò. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, mo mọ èyí tó máa ń tutù bí ọyẹ́ bá dé, mo mọ ọmọ ìka tó wọ́ níbi tí òkúta ti já lù ú. Mo na ọwọ́ sí bàtà pé kí o wọ̀ ọ́ padà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti fẹ́ ọ, n kò tíì dá ọ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́,” o wí. “Kò ní pẹ́. Bàbá ò mọ ẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá.”

Ìyá mi ló kọ́ ọ pé kí o máa pe ọkọ rẹ ní ‘ẹ’, o sì kọ́ ọ jù, o ń pe ológbò ilé wa bẹ́ẹ̀. Lónìí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo gbé kámẹ́rà.

O dé ẹnu ilẹ̀kùn. O tẹrí ba fún òkùnkùn tó wà nínú ilé. O dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà o yí padà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà níbi tí mo wà, o sì bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ìlù. Kò sí orin, à fi èyí tí o ń kùn ní imú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síwájú, ẹsẹ̀ òsì bá a. Ẹsẹ̀ ọ̀tún padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì dúró dè é. Ọwọ́ méjèèjì na jáde, wọ́n dì, wọ́n fà. Àwọ̀n ni wọ́n ń fà. Apẹja ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ìlú yín, ijó wọn kò sì gbàgbé iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ rẹ lọ gẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ bọ̀ gẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ń kan ilẹ̀ tí o gbá, pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀, ilẹ̀ sì ń dá ọ lóhùn.

Ara rẹ kò sáré. Ẹni àádọ́ta ọdún ni ọ́, eékún rẹ ọ̀tún ń dùn ọ́, mo sì ń rí i bí o ṣe ń fi ọgbọ́n gbé e. Mo ti rí ọ níbi tí o ti ń jó lórí pèpéle ńláńlá, tí iná mẹ́wàá ń tàn sí ọ lára. N kò rí ọ kí o rẹwà tó báyìí rí. O ń jó fún ẹnìkan ṣoṣo, ẹni náà wà lẹ́yìn rẹ, o kò sì wẹ̀yìn wò ó. Bí wọ́n ṣe ń jó o nìyẹn, ẹni tó ń pe òkú kì í wẹ̀yìn.

Mo gbé kámẹ́rà sójú. Ẹsẹ̀ rẹ wọlé, ṣùgbọ́n àpò dúdú wọlé pẹ̀lú. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ, nọ́ńbà wọn hàn ketekete. Mi ò lè gbé ìyẹn lọ síwájú Màmá. Mo gbé ojú kámẹ́rà sókè kí àpò lè kúrò, ẹsẹ̀ rẹ kúrò pẹ̀lú wọn. Mo yà sí ọ̀tún, mo yà sí òsì, àpò ń tẹ̀lé mi. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan, orí wọn ṣì yọ lẹ́yìn ejìká rẹ. O sì ti dé àárín ọgbà. Ijó náà kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró kí a tún bẹ̀rẹ̀, ẹni tí a bá pè tí a sì dákẹ́ mọ́, yóò padà lọ jókòó.

Mo dùbúlẹ̀. Mo na gbogbo ara mi sórí ilẹ̀ tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ kékeré wà lábẹ́ àyà mi, ó ń ké tìtìtì, mo ń gbọ́ ọ nínú eegun. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, mo gbé kámẹ́rà lé ọwọ́. Àwọn àpò wọ abẹ́ ògiri lọ. Òrùlé baba rẹ yọ, ojú ọ̀run yọ, ìwọ yọ láàárín wọn, odidi, láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ funfun méjì lórí ilẹ̀ dúdú. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ wọlé, Àṣàkẹ́, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wọlé.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo tó rí ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní Ọ̀fà, kò sí ẹnìkan tó wá láti ilé rẹ. Baba rẹ ní òun kò lè fi ọmọ fún ọkùnrin tí òun kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó kàn sọ ọ́, kò sì wá. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan láti Erin-Ilé ló jókòó sí ipò òbí rẹ. Òun ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún, gbogbo àgbàlá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe àna mi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Ní ọdún kẹrin, Bàbá kọ lẹ́tà. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní kí n wá ní oṣù kẹrin, nígbà tí òdòdó bá ti yọ, kí òun rí mi. Oṣù kẹta ni òkun dé.

Mo wá dùbúlẹ̀ báyìí ní ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, àyà mi lórí ilẹ̀ rẹ̀, ojú mi sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. Mo kí i bí a ṣe ń kí àna, gbogbo rẹ̀, láìfo ọ̀kan. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo ní ọmọ yín kò sùn lébi rí nílé mi. Mo ní iyàrá kan wà tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, ìyàwó yín ló wà níbẹ̀, ó sì ti ń dúró dè yín láti ọjọ́ yìí wá. Omijé bọ́ lójú mi, ó wọ inú ìbòmú, mi ò nù ún.

Ògbẹ́ni Kúdó tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀. Aago méjì ti lù. Ó yẹ kí n dìde. N kò lè dìde, Àṣàkẹ́. Ọkọ ìyàwó kì í dá ara rẹ̀ dìde, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, o rí i ní Ọ̀fà. Àwọn àna ló ń sọ pé ó tó.

Ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀. Pẹ̀, pẹ̀, ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀, ọwọ́ rẹ ṣì ń fà. O dé iwájú orí mi, o sì dúró. Orin tí o ń kùn dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ eékún rẹ tó dùn ọ́ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ọwọ́ rẹ sì bà lé mi lẹ́yìn.

“Ẹ dìde,” o wí. “Bàbá ní kí ẹ dìde.”

Mo dìde. O di ọwọ́ mi mú. A kọjá níwájú Ògbẹ́ni Kúdó, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. O fẹ́ máa yára nítorí aago, ṣùgbọ́n mo fà ọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Jẹ́ kí a rọra máa rìn. Àgbàlagbà wà lẹ́yìn wa.